Kí A Tó Pe Ọlọ́pàá sí Ọmọ Àdúgbò: Ohun tí Ojú Mi Rí

Ìpàdé ìlàjà àkọ́kọ́ tí mo darí gba wákàtí mẹ́rin, èèyàn mọ́kànlélógún ló sì jókòó síbẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ni a torí rẹ̀ pé jọ. Ó fọ́ fèrèsé ilé mẹ́ta, ó sì jí kẹ̀kẹ́ kan. A gbé àga rẹ̀ sí àárín, gbogbo wa yí i ká, a sì ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di wákàtí kejì, mo rí i pé ó ń fi èékánná họ etí bàtà rẹ̀, ó họ ọ́ títí rọ́bà ibẹ̀ fi ń bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè mọ́. A bi í bóyá ó ti ronú pìwà dà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa mí kanlẹ̀, a pàtẹ́wọ́, a túká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sá kúrò nílé.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀, ìyẹn kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn máa yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá, kó má baà fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ṣẹ́ bí mo ṣe fi ọmọ yẹn kọ́ ọ. Ohun tí a rò nígbà náà ni pé níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti pe ọlọ́pàá, oore ni a ṣe é. Irọ́ ni. Ẹjọ́ ni a dá fún un. Ilé ẹjọ́ tòótọ́ tilẹ̀ sàn ju tiwa lọ, nítorí pé níbẹ̀, ẹnì kan á gbẹnu sọ fún un, adájọ́ kò sì ní jẹ́ ẹni tí wọ́n fọ́ fèrèsé rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ pé a wá ọ̀nà mìíràn. Ní 2010, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìwádìí 29 jọ, èyí tó kan àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 7,000, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá gbígbé ọ̀dọ́ lọ sílé ẹjọ́ ń mú kó jáwọ́ nínú ìwà ọ̀daràn. Wọ́n rí i pé kì í mú un jáwọ́. Àwọn tí wọ́n yà kúrò lọ́nà ilé ẹjọ́ ló ṣe dáadáa jù, pàápàá àwọn tí wọ́n yà kúrò tí wọ́n sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Bákan náà ni ètò tí wọ́n fi ń kó ọmọ lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ẹ̀rù lè bà á, èyí tó gbajúmọ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tí wọ́n kó lọ wé àwọn tí wọn kò kó lọ, àwọn tí wọ́n kó lọ ni wọ́n tún dẹ́ṣẹ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá ti bá ọ̀dọ́ gbé. Ọmọ tí wọ́n bá tì mọ́lé á pàdánù ẹ̀kọ́, á bá àwọn tó ti jìn sínú ìwà ibi jù ú lọ pàdé, orúkọ tí wọ́n sì fún un níbẹ̀ á máa tẹ̀ lé e kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ló máa ń jáwọ́ bí wọ́n bá ti ń dàgbà, bí a kò bá ti gé okùn tó so wọ́n mọ́ ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí ọmọ yẹn sá lọ ni mo tó jókòó kàwé. Mo kà nípa Elmira, ìlú kékeré kan ní Ontario, ní Kánádà. Ní 1974, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ba dúkìá 22 jẹ́ níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Adájọ́ gbà kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, kí wọ́n sọ pé àwọn ni, kí wọ́n gbọ́ iye tó ná onílé láti tún un ṣe, kí wọ́n sì san án padà. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ti san án. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Ilé kan, lẹ́yìn náà ilé kejì. Kò sẹ́ni tó kó gbogbo onílé jọ kí wọ́n yí àwọn ọmọ náà ká.

Mo tún kà nípa New Zealand, níbi tí òfin 1989 ti sọ ìpàdé ẹbí di ọ̀nà pàtàkì tí wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó bá rú òfin, lẹ́yìn tí àwọn Māori, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ti figbe ta fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìjọba ń kó ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ohun kan wà nínú ètò wọn tí mo gbà lò láìyí i padà: bí gbogbo èèyàn bá ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, àwọn àlejò àti òṣìṣẹ́ á jáde, wọ́n á fi ẹbí ọmọ náà nìkan sílẹ̀ nínú yàrá kí àwọn fúnra wọn ro ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n mú jáde le ju èyí tí èmi ì bá dá lábàá, ó sì bá ọmọ náà mu ju tèmi lọ.

Àṣìṣe ńlá tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọ́n ń wá èèyàn jọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kankan. Ẹ fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá tó, bí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fèsì. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, torí pé ọmọ á kọ́kọ́ wo yàrá yẹn yí ká láti mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè mọ irú ayé tí òun ń gbé. Ẹ wádìí gbogbo ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá súnmọ́ ọmọdé máa ń fa ẹni burúkú mọ́ra gẹ́gẹ́ bó ti ń fa ẹni rere. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi méjì tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì. A pàdánù àwọn kan tínú bí nítorí òfin yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni kí ẹ fún àwọn ará àdúgbò. Èèyàn méjì ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú mẹ́rin. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èmi àti obìnrin kan la gbé fóònù náà fún oṣù márùn-ún. Ní oṣù karùn-ún, mo pariwo mọ́ ìyá kan tó pè mí láago méjì òru, ìyá náà kò sì pè wá mọ́ láé. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ títí dòní. Ìwé àkọsílẹ̀ tún ṣe pàtàkì: ọjọ́, àkókò, ẹni tó pè, ohun tó sọ, ohun tí a ṣe, ẹni tí yóò padà lọ àti ọjọ́ tí yóò lọ. Ìlà mẹ́fà péré ni. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fò, òun gan-an ló sì ń gba ọmọ là.

Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí kò sí wàhálà kankan nílẹ̀. Àwa kò lọ, ó sì dùn wá. Ọlọ́pàá kan tí kò tíì gbọ́ nípa wa rí dé bá wa lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ náà, ó sì fẹ́ gbé alábàáṣiṣẹ́ mi mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn la tó jókòó pẹ̀lú ọ̀gá wọn, a kọ ìwé ojú kan ṣoṣo: irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fà lé wa lọ́wọ́, irú èyí tí àwa náà yóò pè wọ́n sí, ẹni tí wọ́n máa pè lọ́dọ̀ wa, àti pé ohun tí ọmọ bá sọ nínú ìpàdé wa kò ní di ẹ̀rí tí wọ́n á fi mú un. Bí wọn kò bá gba èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ sọ fún ọmọ náà kó tó ya ẹnu. Mo máa ń mú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 lọ́wọ́ bí mo bá ń lọ, torí pé abala 37 rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé títi ọmọ mọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun àṣekẹ́yìn, fún àkókò tó kúrú jù lọ tó bá yẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá ka gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ máa ń tẹ́tí sílẹ̀ ju ẹni tí a kàn ń bẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpè òru. Ìyá kan pè, ó ní ọmọ òun ti fọ́ gbogbo nǹkan, ó ti gbá igi mú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń yára bà á jẹ́ ni ẹsẹ̀ tó pọ̀. Àwọn aládùúgbò á jáde, ẹnì kan á yọ fóònù síta láti ká fídíò, ọmọ náà á sì rí i pé òun kò lè gbé igi yẹn sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn láìtẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ẹnì kejì ni kó rọra kó àwọn òǹwòran kúrò, kó sì bá ìyá náà jókòó níbòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Dúró jìnnà sí i tó ìwọ̀n apá mẹ́ta, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ kọ ọ́, má kojú sí i tààrà, jẹ́ kó rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì. Má dí ọ̀nà àbájáde rẹ̀, má sì jẹ́ kó dí tìrẹ. Má fọwọ́ kàn án. Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Sọ orúkọ rẹ, sọ pé ọlọ́pàá kọ́ ni ọ́, kí o sì dákẹ́. Ara tó ti gbóná máa ń gba bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀, kò sì sí àlàyé tó lè wọ etí rẹ̀ kí àkókò yẹn tó pé. Ìbéèrè "kí ló dé tí o fi ṣe é?" ò dára lálẹ́ yẹn, ẹ̀sùn ló ń dún bí. Fún un ní ohun méjì tó lè yàn nínú rẹ̀: "Ṣé ká jókòó síbí ni, àbí ká rìn dé ìta?" Bó bá ti yan ọ̀kan, ó ti ń gba ara rẹ̀ padà nìyẹn.

Ẹ má yanjú ọ̀rọ̀ kankan lóru. Ibi tí yóò sùn ni ọ̀rọ̀ alẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti kùnà níjọ́sí. Kí ìpàdé kankan tó wáyé, a gbọ́dọ̀ ti ṣe àbẹ̀wò sí ọmọ náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, ká bẹ ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ká sì bẹ olúkúlùkù àwọn tí yóò bá wọn wá wò lọ́tọ̀. Mo máa ń fi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ múra sílẹ̀ fún ìpàdé tí kò ní ju wákàtí méjì lọ. Bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, níta gbangba níbi tí ojú ti lè tó yín, kí o tó bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé nínú ilé yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é léṣe, bí a bá sì ti lọ rojọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìyà tí a kò lè fojú rí ni a fà fún un. Béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Béèrè ẹni tó lè pè láago méjìlá òru. Ẹni tó bá dárúkọ yẹn, òun ni kó bá a wá sí ìpàdé, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà kò kà sí.

Ẹni tí a ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ká sì túmọ̀ rẹ̀ fún un pé kíkọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọ̀tá ọmọ náà. Nígbà kan, a fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ obìnrin kan títí ó fi wá, ó jókòó, ó ń gbọ̀n títí ìpàdé fi parí. A fi ìrora rẹ̀ ṣe oògùn fún ẹlòmíràn. Mi ò tún jẹ́ dán irú rẹ̀ wò.

Ọmọ tí kò bá gbà pé òun ló ṣe é kò yẹ fún ìpàdé yìí rárá. A kì í wádìí ẹjọ́ nínú agbo. Bí ó bá ní òun kọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́ nípa nǹkan mìíràn.

Ní ti ìjókòó, ẹ to àga ní agbo kan láìsí tábìlì láàárín. Ẹni mẹ́jọ sí méjìlá ti tó. Ọmọ náà á wà nínú agbo bí àwọn yòókù, ẹni tó yàn á jókòó tì í, ilẹ̀kùn á sì wà nítòsí wọn. Gbogbo àga gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọmọ sórí àpótí tí onílàjà sì wà lórí àga ọlọ́wọ́. A máa ń gbé nǹkan kékeré kan láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó wúlò gan-an níbi tí àgbà ti máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Ìbéèrè fún ọmọ kò ju márùn-ún lọ: Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lò ń rò nígbà yẹn? Kí lo ti ń rò láti ìgbà náà? Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, báwo ló sì ṣe kàn án? Kí ni a lè ṣe láti tún un ṣe? Èyí tó kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí pé bí a bá kánjú dé ìdí ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ orí ahọ́n la máa gbọ́.

Mo rántí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n sọ òkúta wọlé rẹ̀. Gbogbo wa ti ń ṣírò iye dígí. Nígbà tó kan ìyá náà, ó ní, "Fèrèsé kọ́ ló dùn mí. Mi ò lè sùn nínú yàrá yẹn mọ́." Ọmọ náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo rò pé kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀ ni, Mà." Ìyá náà ní, "Mo wà ńbẹ̀. Ibùsùn mi ló wà lábẹ́ fèrèsé náà." Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ nǹkan, mo sì dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́. Onílàjà tó bá kún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló béèrè bóyá òun lè bá ìyá náà gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí ìhà kejì yàrá. Kò sí ìkankan nínú wa tó lè ronú kan irú ìyẹn.

Àdéhùn tó bá gùn kì í ṣẹ. Ohun mọ́kànlá la kọ sílẹ̀ fún ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, títí kan "kó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà" àti "kó yé bá ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ rìn". Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn? Ní báyìí, mẹ́ta ni, mẹ́rin tó bá pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́, àkókò àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. "Ní Sátidé méjì tó ń bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, yóò bá onílé kun férémù fèrèsé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò mú un wá." Iṣẹ́ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjìlá lọ lápapọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò kó ìtìjú bá a lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ san ìwọ̀nba tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Bàbá kan wà tó san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, inú gbogbo wa dùn, ó wá fi gbogbo oṣù yẹn na ọmọ náà nítorí owó tó san. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àdúgbò jẹ ọmọ náà: ẹni tí yóò bá a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè gbà á padà, ibi iṣẹ́ tó ti lè kọ́ nǹkan, dókítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àdéhùn tí gbogbo ẹrù rẹ̀ bá wà lórí ọmọ nìkan, ìjìyà ni, orúkọ tó wù ká pè é.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò kùnà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ bá a, ẹ fi ẹsẹ̀ lọ, ẹ má pè é lórí fóònù. Ohun tó sábà máa ń dí i lọ́wọ́ ni pé kò rí owó ọkọ̀, tàbí pé kò tíì jẹun, tàbí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí yóò gbà kọjá. Ẹ tún àkókò tàbí ọ̀nà ṣe, ẹ má fi kún ìyà. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe agbo kékeré, ẹni mẹ́rin péré. Ọjọ́ tí a máa ń padà bẹ̀ ẹ́ wò ni ọjọ́ kẹta, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti oṣù kẹta. Ọjọ́ kẹta ló ṣe kókó jù, torí pé ìtìjú máa ń padà wá bá ọmọ nígbà tí ariwo bá ti lọ sílẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ọmọ tó sá lọ yẹn ì bá má lọ ká ní ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ohun kan tún wà tó ṣì ń dùn mí. Ọ̀kan nínú wa gbé fọ́tò ọmọbìnrin kan sórí WhatsApp àdúgbò, ó ní ká jọ máa gbàdúrà fún un. Ó ní ohun rere lọ́kàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. A pa á rẹ́ lórí fóònù tiwa, kò sì sí bí a ṣe lè pa á rẹ́ lórí ti ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn mọ́. Láti ìgbà náà, fóònù gbogbo wa máa ń wà nínú agbọ̀n lẹ́nu ilẹ̀kùn, orúkọ ọmọ kankan kò sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu wa lẹ́yìn ìpàdé, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. A máa ń sọ àfi yẹn fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má rò pé a dalẹ̀ òun.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe tiwa. Bí ìbọn bá wà níbẹ̀, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ pe àwọn tó yẹ kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ kò yẹ kó wá sínú agbo àwọn ará àdúgbò. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí nílò ìtọ́jú ilé ìwòsàn àti ààbò, kò nílò àga tó kọjú sí ẹni tó ṣe é. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé ti sú, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń fún un láyè láti mí. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò, kí ẹ sì mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ na ọmọ, kò gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé, kò gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ wò. Àdúgbò tó bá ń ṣe ìwọ̀nyí ti di ọlọ́pàá tí kò lọ́gàá, ìyẹn sì burú ju ohun tí a ń sá fún lọ.

Ìdúróṣinṣin iṣẹ́ náà tún wà nínú owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ sọ ọ́. Ní ìlú Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn kan dá ètò CAHOOTS sílẹ̀ ní 1989: òṣìṣẹ́ ìlera kan àti ẹnì kan tó mọ bí a ṣe ń bójú tó ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú á jọ wà nínú ọkọ̀, láìsí ohun ìjà, wọ́n á lọ sí ibi tí ìbá jẹ́ pé ọlọ́pàá ni wọn yóò rán. Àwọn ìlú mìíràn wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ní 2025, iṣẹ́ náà dúró ní Eugene fúnra rẹ̀ nítorí àìtó owó. Àwa ń náwó sórí fóònù, owó ọkọ̀, oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé àti ìwé, a sì máa ń kó owó oṣù mẹ́fà jọ sílẹ̀ kí a tó gba ọmọ tuntun. Nígbà tí a kò ní in, a dá iṣẹ́ dúró fún oṣù méjì. Ó sàn bẹ́ẹ̀ ju kí a ṣèlérí ọjọ́ kẹta fún ọmọ, ká má sì yọjú.

Ní oṣù kẹta, a máa ń mú ìwé àdéhùn náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ti ṣe gbogbo tirẹ̀. Ẹ̀dà méjì ló máa ń wà, tiwa àti tirẹ̀. A ó kà á sókè, a ó fi àmì sí èyí tí àwa náà ti ṣe, a ó sì fa tiwa ya níwájú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kò sí ibì kankan tí orúkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é. Àwọn kan máa ń ní ká jẹ́ kí àwọn fa á ya fúnra wọn. Ọ̀kan ní òun á fi tòun pamọ́. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní orúkọ ìyá tó ni fèrèsé wà níbẹ̀, òun sì ti ń bá wọn gbé omi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.